Àlùfáà Samuel Johnson, Ẹni tí Ó Kọ Ìtàn Ilẹ̀ Wa

Kò sí ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ orúkọ Johnson. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí Aláàfin tí ó jẹ tẹ̀lé òmíràn ní Ọ̀yọ́ Ilé, tàbí lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilà àbàjà àti gọ̀ǹbọ́, ìwé rẹ̀ ni a máa ń lọ ṣí wò. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó kọ ìwé náà gan-an, a kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn a máa rò pé ọ̀mọ̀wé kan tí ó rí àyè jókòó láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Míṣọ́n ni, gẹ́gẹ́ bí àwa náà yóò ti dà lọ́la bí Ọlọ́run bá fẹ́. Láàárín ogun ni ó ti dàgbà, láàárín ogun ni ó sì ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwa fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti fún àwọn olùkọ́ wa.

Ní ọjọ́ 24 oṣù June ọdún 1846 ni a bí Samuel Johnson ní Hastings, ìlú kan ní ilẹ̀ Sàró. Ẹ̀yin mọ bí àwọn ènìyàn wa ti ṣe dé Sàró. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a kó lẹ́rú, tí a tà sí etí òkun, tí a sì kó sínú ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣọ́ òkun gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Sàró. Ọ̀kan nínú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni Henry Johnson, baba Samuel. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìdílé rẹ̀ a sì máa ka ara wọn sí ìran Aláàfin Abíọ́dún. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí yóò wúlò fún wa níwájú: ọmọ tí a bí sí àjò, tí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ rí, ni ó wá di ẹni tí ó kọ ìtàn Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ju gbogbo ẹni tí a bí sí ààfin lọ.

Baba náà rí ojú rere Ọlọ́run lórí àwọn ọmọ rẹ̀. Henry, ọ̀kan nínú wọn, di Archdeacon ní ilẹ̀ Ọya. Nathaniel di àlùfáà ní Èkó. Obadiah kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn títí ó fi di dókítà. Ọ̀rọ̀ Obadiah yìí ń bọ̀ wá kàn wá.

Nígbà tí ọdún 1857 ń parí lọ tí ọdún 1858 sì ń wọlé bọ̀, ni Henry Johnson kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Sàró, ó sì bá Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá sí Ìbàdàn láti ṣiṣẹ́ Ìhìnrere. Òkè Kúdẹtì ni àwọn òyìnbó méjèèjì yìí ń gbé láti ọdún 1853. Ọmọdékùnrin Samuel kò ì tíì lò ju ọdún díẹ̀ lọ níbẹ̀ tí ogun Ìjàyè fi dé.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ogun yìí, nítorí àṣà kan ni ó dá a sílẹ̀, kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan. Láyé àtijọ́, Àrẹ̀mọ, àkọ́bí Aláàfin, ni ó máa ń bá baba rẹ̀ ṣe àkóso ìlú. Nítorí náà, nígbà tí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ pẹ̀lú ní láti kú. Àwọn àgbà ṣe èyí kí ọmọ tí ó ti ń jẹ ayé ọba má bàa máa kánjú fẹ́ ikú baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n Aláàfin Àtìbà, ẹni tí ó tẹ Ọ̀yọ́ tí ó wà lónìí dó, fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà fún un. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kò gbà. Ó dúró lórí òfin àtijọ́. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859 tí Adélù sì gorí oyè, Kúrunmí kọ̀ láti júbà rẹ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Kúrunmí kú láàárín rẹ̀. Ìjàyè fọ́ ní oṣù March ọdún 1862, kò sì tún dìde mọ́ bí ó ti wà rí. Bí a bá bi àwa léèrè pé ta ni ó jàre, ìdáhùn kò ní yá wa lẹ́nu. Òfin wà lọ́wọ́ Kúrunmí. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni a ó fi pa kí ọmọ kan lè bá baba rẹ̀ kú?

Ní Ìbàdàn, àwọn ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun dí pa. Owó kò dé ọ̀dọ̀ àwọn Míṣọ́nárì mọ́. Ìyá Hinderer ní láti máa ta ohun èlò ilé, títí kan agolo òfìfo, kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Samuel nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wá kọ lẹ́yìn náà nípa ogun Ìjàyè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó wá láti ẹnu àwọn tí òun àti àwọn jọ gbé ìlú kan náà ní ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ní ọdún 1863 a rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí Ìjọ C.M.S. dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Àlùfáà Bühler, ará Jámánì. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni a gbé lọ sí Èkó lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde nínú Ìfọ́lé ọdún 1867, tí a sì gbé dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896, tí ó wá di St Andrew's College. A lè sọ nígbà náà pé ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wa nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni Johnson jẹ́ ní tòótọ́, kì í ṣe nínú àfiwé lásán.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1865, ó sì padà sí Ìbàdàn láti kọ́ àwọn ọmọ ní Kúdẹtì àti ní Àrẹ̀mọ. Ní ọdún 1875 ó di kátíkíìsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rìn láti agboolé dé agboolé, láti ọjà dé ọjà, kí ó máa wàásù, kí ó máa bá àwọn babaláwo, àwọn oníṣàngó àti àwọn Ìmàle sọ̀rọ̀. Òfin Ìjọ sì ni pé kí òṣìṣẹ́ máa kọ ìròyìn ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ka èyí sí wàhálà, wọ́n a sì kọ díẹ̀ kí wọ́n má bàa rí ìbáwí. Johnson kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ tí ó ṣì wà nínú ìṣúra ìwé C.M.S. ní Birmingham fi hàn pé ènìyàn tí ó ní etí ni. Babaláwo tí ó bá jiyàn kò di ọ̀tá rẹ̀. A máa fi etí sí i tán, a sì máa kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀.

Àwa rò pé ibẹ̀ ni ìwé ńlá náà ti bẹ̀rẹ̀. Johnson rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mọ̀wé lè ka orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì lè ròyìn Róòmù àti Gíríìkì, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní ti Ajíboyèdé tàbí Ọbalókun, ẹnu wọn á wọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tí ó mọ̀ ń kú lọ. (Àwa tí a ń gbé ní Mẹ́ńdé lónìí, kí a tó dá àwọn ará ayé ìgbà náà lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá a mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi àdá lélẹ̀ níbẹ̀.)

Báwo ni ó ṣe rí ìtàn náà kó jọ? Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ní Ìbàdàn, David Kúkọ̀mí wà, baba àgbà Ìjọ ibẹ̀, ẹni tí ó ti jẹ́ ọmọ-ogun lásán nínú àwọn ogun àtijọ́, tí ojú rẹ̀ sì ti rí ohun tí ẹlòmíràn ń fi etí gbọ́. Josiah Oni wà pẹ̀lú, oníṣòwò tí kò bẹ̀rù ọ̀nà, tí ó ti rin ilẹ̀ káàkiri. Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, wà, ọba tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ pé ìtàn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Johnson sì dé Ọ̀yọ́, ó bá àwọn Arọ́kin Aláàfin. Iṣẹ́ ìdílé ni ti àwọn wọ̀nyí. Ààfin ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa ka ìtàn àwọn ọba tí ó ti kọjá, baba fi lé ọmọ lọ́wọ́. Kò sí ìwé kankan nínú gbogbo èyí. Inú ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹni tí ó bá sì kú ti gbé tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé kò sí ẹlòmíràn tí ó ń kọ ìtàn ní àkókò náà. J. O. George tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún 1895. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1911, Akínyẹlé kọ ìtàn Ìbàdàn ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbòòrò bí ti Johnson.

Láàárín gbogbo èyí, iṣẹ́ mìíràn ti dé bá a tí kò wá. Ní ọdún 1877 ni ogun ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún bẹ̀rẹ̀, èyí tí a mọ apá rẹ̀ tí ó le jù sí ogun Kírìjì. Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà ní agbára ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń fi ojú àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbolẹ̀. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn parapọ̀, Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ ogun méjèèjì dojú kọ ara wọn nítòsí Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dá oko, wọ́n bímọ sí ibùdó. Ìró ìbọn ńlá tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó ni ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà, Ìlọrin sì dojú kọ Ọ̀fà. Kò sí ìhà tí Ìbàdàn yíjú sí tí kì í ṣe ogun.

Johnson di díákónì ní ọdún 1880, a sì rán an sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1881 láti ṣe olùṣọ́-àgùntàn Ìjọ ibẹ̀. Ní ọdún náà gan-an ni Aláàfin Adéyẹmí kọ̀wé sí Gómìnà ní Èkó pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jọ̀wọ́ bá òun dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òun tí wọ́n ń pa ara wọn. Ọwọ́ Johnson ni Aláàfin fi iṣẹ́ yìí sí. Kò sí ẹni tí ọ̀nà ìgbà náà ṣí fún. Ẹni tí ó ń gbé ìwé láti Ọ̀yọ́ lè di amí lójú Ìjẹ̀bú, kí ó di ọ̀rẹ́ Ìbàdàn lójú Ẹ̀gbá, kí ó sì di aláàbọ̀ òyìnbó lójú gbogbo wọn. Èkó kò tètè dá sí i ní ìgbà náà. Ọdún márùn-ún gbáko ni ogun tún fi jẹ lẹ́yìn ìwé yẹn.

Ní ọdún 1885 ni Látòósà kú sí ibùdó. Ní ọdún 1886 Gómìnà Moloney rán àlùfáà méjì lọ sí ojú ogun: Charles Phillips, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, lọ bá àwọn Èkìtìparapọ̀, Johnson lọ bá àwọn Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ̀kún jẹ́ olórí wọn nígbà náà. Ẹ wo irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti lo ọdún mẹ́jọ nínú yàrà ogun kì í fẹ́ ṣẹ́gun mọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí a rí wọn pé wọ́n sá. Ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀ àlàáfíà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí a ń kọ́kọ́ kí, ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún, àti ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ sọ lójú agbo. Òyìnbó kò lè ṣe é. Ní oṣù June ọdún náà ni a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di òmìnira. Ìlú mẹ́rin, Ọ̀tán, Ìrẹsì, Àdá àti Ìgbájọ, dúró ti Ìbàdàn. Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní láti ṣí kúrò ní ibi tí ó wà. Ní oṣù September, àwọn ibùdó méjèèjì tú, a sì fi iná sun wọ́n.

Ṣùgbọ́n àlàáfíà náà kò pé. Mọ̀dákẹ́kẹ́ kò ṣí bí a ti wí, Ìlọrin kò sì fi Ọ̀fà sílẹ̀. Ìgbà tí Gómìnà Carter rin ìrìn-àjò rẹ̀ gba ilẹ̀ wa kọjá ní ọdún 1893 ni ọmọ-ogun Ìbàdàn tó padà sílé pátápátá. Àwọn òyìnbó tí Aláàfin fi ìwé bẹ̀ ní ọdún 1881 sì dé ní tòótọ́, wọn kò sì padà mọ́. Ní oṣù November ọdún 1895, Captain Bower tú ìbọn ńlá sí Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ìjà tí ó wà láàárín òun àti Aláàfin. Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà kíkún láti ọdún 1888, ni olùṣọ́-àgùntàn ìlú náà. Ìlú tí ó ti jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ìbọn àwọn tí a bẹ̀ wá bà. A kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1897, ni ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Apá méjì ni ìwé náà. Èkejì ni ìtàn àwọn ọba àti àwọn ogun, láti orí Odùduwà títí dé ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní, tí àwọn kan nínú wa máa ń fò kọjá nítorí kánkán ìdánwò, ni àwa fẹ́ràn jù. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ti orúkọ: àmútọ̀runwá gẹ́gẹ́ bí Táíwò, Ìgè àti Àjàyí, àbísọ, orúkọ àbíkú, oríkì tí ìyá fi ń gẹ ọmọ, àti orílẹ̀ bí Erin, Òkín, Òpó àti Àgàn, tí a fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá. Níbẹ̀ ni ó ti sọ ti Ọ̀yọ́ Mèsì, láti orí Baṣọ̀run dé orí Aṣípa, àti bí wọ́n ti ń ká ọba lọ́wọ́ kò. Ti àwọn Ìwẹ̀fà àti Ìlàrí. Ti ilà ojú. Ti ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ti bí a ti ń ka owó ẹyọ, pé ogójì ni okùn kan, tí ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Ó sọ ti Ifá, ti Egúngún àti ti Ṣàngó, ẹni tí ó ti jẹ ọba rí kí ó tó di òrìṣà. Àlùfáà ni, kò sì fi pamọ́ pé òun kò gba ẹ̀sìn wọ̀nyí. Síbẹ̀ kò fi ìkórìíra kọ wọ́n. Èyí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn Míṣọ́n ìgbà ayé rẹ̀.

Ìwé náà ní àbùkù, kò sì yẹ kí a fi bò ó nítorí ìfẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson nínú egungun rẹ̀. Ọ̀yọ́ ni àárín ayé nínú ìwé rẹ̀. Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Èkìtì àti àwọn Àwórì wa níhìn-ín kò jókòó níbẹ̀ bí kò ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ tàbí ti Ìbàdàn bá kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé àwọn baba ńlá wa ti ìhà ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú kò rí ẹ̀rí tí ó dúró lójú àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tẹ̀lé e. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò kárí, ó sì bẹ àwọn tí ó mọ ìtàn apá ilẹ̀ mìíràn pé kí wọ́n kọ tiwọn. Àwọn tí inú bí sí ìwé rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀ náà; púpọ̀ nínú ìtàn ìlú tí a ní lónìí ni a kọ láti dá a lóhùn.

Nísinsin yìí ni a dé ibi tí ó dùn wá jù. Ní ọdún 1899 ni a fi gbogbo ìwé àfọwọ́kọ náà, iṣẹ́ ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, rán Míṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì kan sí ilé ìtẹ̀wé olókìkí kan ní ìlú òyìnbó. Ó ju ọdún kan lọ tí a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ìròyìn dé níkẹyìn, ohun tí wọ́n wí ni pé ìwé náà ti sọnù, a wá a a kò rí i, àti pé àwọn ṣetán láti san owó rẹ̀. Owó! Obadiah àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n fura, wọn kò sì fi ìfura náà pamọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí wọn yóò dì mú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù April ọdún 1901, Samuel Johnson kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Ó kù àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé náà. Dókítà Obadiah, tí ó jẹ́ oníṣègùn ní Èkó, tí ó sì jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó wọn jọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣègùn ni, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ nìkan ni ó lè fi ṣe é. Ogun ńlá ti dé ní Yúróòpù kí ó tó tó o rán. Inú ọkọ̀ Appam ni ó fi ìwé náà sí. Ní oṣù January ọdún 1916, ọkọ̀ ogun Jámánì tí a ń pè ní Möwe mú Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìtàn àwọn Aláàfin wà nínú ọkọ̀ ìgbèkùn, gẹ́gẹ́ bí baba ẹni tí ó kọ ọ́ ti wà nínú ọkọ̀ rí. Ó pẹ́ títí kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí a fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ó dé, ogun ti sọ owó ìtẹ̀wé di ohun tí ọwọ́ kò tó, a sì tún ní láti dúró.

Obadiah kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920. Ọdún 1921 ni The History of the Yorubas jáde, ojú ìwé tí ó lé ní 600, ogún ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń tún un tẹ̀ léraléra. Ìwé àkọ́kọ́ tí Samuel fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, èyí tí ó lọ ní ọdún 1899, kò padà wá.